Ṣé Ti Aláàbọ̀ Ara Ni Ọ̀pá Yìí? Ọ̀rọ̀ Owó Ibodè

 

Ẹ mọ òwe àwọn òbí wa: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ní wọ́ọ̀dù wa níbí ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ àgbàlagbà náà kì í tó pẹpẹ mọ́. Ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ oríkèé ìbàdí fún, a máa ń kìlọ̀ fún un pé kó má tíì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pá kan la máa ń fún un: tó bá ti tẹ ìdí rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á pa dé, á sì mú ìbọ̀sẹ̀ tó jábọ́ nílẹ̀. Bóyá ọ̀kan wà nílé màmá yín.

Àbúrò kan nínú yín kọ̀wé sí mi. Ó fẹ́ kó ọ̀pá yìí wọlé láti Ṣáínà, kó máa tà á. Ẹni tó fẹ́ kó o fún un ní, "Kọ ọ́ pé ti aláàbọ̀ ara ni, o ò ní san kọ́bọ̀ lówó ibodè." Ó wá bi mí pé, "Àǹtí, ṣé kí n kọ ọ́?" Mo ní kó má tíì kọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí.

Gbogbo ẹrù tó ń wọ̀lú ló ní nọ́ńbà, nọ́ńbà yẹn ló sì ń sọ iye tẹ́ ẹ máa san. Ohun tí aṣọ́bodè máa wò ni ibi tó ń ṣiṣẹ́ lára ọ̀pá náà, ìyẹn ẹnu rẹ̀. Tó bá jẹ́ irin, ó lè bọ́ sí 8205.51, níbi tí irinṣẹ́ ilé wà. Ìdá 3.7 nínú 100 ni, ìyẹn dọ́là 37 lórí ẹrù dọ́là 1,000. Tó bá jẹ́ ike, ó lè lọ sí 3924, ìdá 3.4. Owó àfikún tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lé ọ̀pọ̀ ẹrù Ṣáínà ní 2018 tún yàtọ̀ o.

Ọ̀nà ọ̀fẹ́ wà lóòótọ́: 9817.00.96. Inú àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Nairobi ní 1976 ló ti wá. Ẹrù tí wọ́n dìídì ṣe fún aláàbọ̀ ara ló wà fún. Àmọ́ òfin ní àìlera náà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tó ń bá èèyàn gbé, tó ń dí i lọ́wọ́ láti rìn, láti fọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí láti tọ́jú ara rẹ̀. Àìlera ìgbà díẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ní 2018, ilé iṣẹ́ Sigvaris pàdánù ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀. Ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n tó lè sọ pé wọ́n dìídì ṣe nǹkan fún aláàbọ̀ ara, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ tiwọn ju ti àwọn yòókù lọ.

Ẹ wá wo ọ̀pá wa. Màmá tí làkúrègbé ti ká lọ́wọ́ kò ń lò ó. Ẹni tí wọ́n ṣe ìbàdí fún ń lò ó fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ń ṣa ìdọ̀tí níwájú ilé náà ń lò ó. Báwo lẹ ṣe fẹ́ fi hàn pé torí màmá yẹn ni wọ́n ṣe é?

Èmi nọ́ọ̀sì, mo fẹ́ kó dínwó fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n orúkọ yín ló wà lórí ìwé, kì í ṣe ti ẹni tó wà ní Ṣáínà. Tí aṣọ́bodè bá padà wá yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin lẹ máa san gbèsè, ó sì lè jẹ́ pẹ̀lú owó ìtanràn.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó ra ẹrù, ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ CBP, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà. Ẹ ṣàlàyé ohun tí wọ́n fi ṣe é àti ẹni tí wọ́n ṣe é fún, kẹ́ ẹ fi àwòrán kún un. Ọ̀fẹ́ ni, èsì sì sábà máa ń wá láàárín 30 ọjọ́. Àwọn èsì tí wọ́n ti fún àwọn ẹlòmíì wà lórí CROSS, ẹnikẹ́ni ló lè kà á.

Tẹ́ ẹ bá ti béèrè rí, ẹ sọ bó ṣe lọ fún wa nísàlẹ̀ fídíò yìí. Ẹ bá mi kí màmá. Ó dàbọ̀.