Mọ́ṣáláṣí Àtijọ́ Kì í Ṣe ti Lèmọ́mù Nìkan

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Baruwa)

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe lè dáwó jọ tún mọ́ṣáláṣí àtijọ́ tí ẹgbẹ́ wa fẹ́ ràn lọ́wọ́ ṣe. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wí nínú ara wọn pé, “Onígbàgbọ́ lèmi o, kí ló kàn mí níbẹ̀?” Ẹ fara balẹ̀, ẹ gbọ́ ná.

Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà ní òpópónà Martins ní Ìsàlẹ̀ Èkó títí dòní. Mohammed Shitta, oníṣòwò tí wọ́n bí ní Sàró, ló fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ. João Baptista da Costa, mọlémọlé ọmọ Àgùdà, ló darí iṣẹ́ náà, ìdí nìyẹn tí ojú ilé ọ̀hún fi jọ ilé àwọn tó ti Brazil dé. Ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894 ni wọ́n ṣí i. Gómìnà Carter ló ṣe alága, Ọba Oyèkàn Kìíní wà níbẹ̀. Abdullah Quilliam wá láti ìlú Òyìnbó, ó ṣojú Sultan ilẹ̀ Tọ́kì tó fi oyè Bey dá Shitta lọ́lá. Ẹ wá gbọ́ o: J.P.L. Davies àti Otunba Payne náà jókòó níbẹ̀, Onígbàgbọ́ pọ́ńbélé sì làwọn méjèèjì. Wọn kò béèrè ohun tó kàn wọ́n.

Shitta-Bey kú ní ọdún 1895. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ẹni tó kọ́ ilé náà kò lò ju nǹkan bí ọdún kan nínú rẹ̀ lọ. Ìtọ́jú tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ọrùn àwọn ẹlòmíràn ló já lé. Olówó kan lè dá ilé kọ́, kò lè dá a tọ́jú.

Ìjọba àpapọ̀ ti sọ mọ́ṣáláṣí yẹn di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní ọdún 2013. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká torí ìyẹn sùn. Ṣé ẹ rántí Ilojo Bar ní Tinubu? Láti ọdún 1956 ni ìjọba ti kà á mọ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Orúkọ inú ìwé kò gba ilé là tí kò bá sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ.

Ní Djenné, ní ilẹ̀ Mali, amọ̀ ni wọ́n fi mọ mọ́ṣáláṣí ńlá tí wọ́n parí ní ọdún 1907. Òjò ń fọ̀ ọ́ lára lọ́dọọdún, nítorí náà, ọdọọdún ni gbogbo ìlú ń jáde láti rẹ́ ẹ. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin á máa sáré gbé amọ̀, àwọn obìnrin á máa pọn omi, àwọn mọlémọlé á máa darí wọn. Ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ ní orí tó lè fi ru omi. Ìdáwó náà nìyẹn, àbí kí ni?

Owó láìsí ìmọ̀ sì tún lè ba nǹkan jẹ́. Ní Larabanga, ní ilẹ̀ Ghana, ní àwọn ọdún 1970, wọ́n fi ohun tí omi kì í gbà kọjá rẹ́ ara mọ́ṣáláṣí àtijọ́ wọn. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n omi tó ti wà nínú ògiri amọ̀ kò rọ́nà jáde mọ́, ó ń ba inú jẹ́. Ní ọdún 2002, ìjì wó ilé ìpèrun rẹ̀ lulẹ̀. Wọ́n ní láti padà sídìí amọ̀ àti àwọn mọlémọlé tó mọ̀ ọ́n lò.

Ẹ jẹ́ kí n wá jẹ́wọ́ tèmi. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ ìròyìn gbé mi dé ibi ìkówójọ mọ́ṣáláṣí kan ládùúgbò bàbá mi. Nígbà tí onígángan kọjú sí mi, orí mi wú. Mo ṣèlérí ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta náírà. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo délé, mo kọ ìròyìn, mo ka àpapọ̀ ìlérí bí ẹni pé owó ti wọlé. N kò san kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn ọdún kan, mo tún gba ibẹ̀ kọjá. Páànù tuntun wà ní apá kan òrùlé, tapólì ni wọ́n ta bo apá kejì. Mo bi akápò, bàbá àgbàlagbà kan, pé kí ló dé. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, apá tó o rí yẹn, owó àwọn ìyá alákàrà tó ń dá igba igba náírà ni. Apá tó kù, owó àwọn tẹ́ ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìròyìn ni.” Ojú tì mí. Ọjọ́ náà ni mo san gbèsè mi, ṣùgbọ́n páànù ti gbówó lórí, iye tí mo san kò ra ìdajì ohun tí ì bá rà tẹ́lẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ yín. Kí á tó dá iye owó, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ ilé nínú wa lọ yẹ ilé náà wò. Kí á má kéde ìlérí. Owó tó bá wọlé nìkan ni ká kéde. Kí á lẹ ìṣirò mọ́ pátákó lóṣooṣù. Ẹ̀yin náà rántí olùkọ́ ìṣirò wa: bí ìdáhùn rẹ bá tilẹ̀ tọ̀nà, tó ò bá fi bó o ṣe ṣe é hàn, òdo lo máa gbà. Kí á sì ṣẹ́ díẹ̀ kù fún òrùlé àti ojú àgbàrá lọ́dọọdún.

Àwa ọmọ Baruwa mọ ohun tí ìdádúró ń fà. A kò tíì gbàgbé omi kànga tó ń rùn bí bẹntiróòlù. Ohun tó ń jò nílẹ̀ kò sẹ́ni tó rí i, àfìgbà tó dénú ife. Ẹ má jẹ́ ká dúró kí òrùlé yìí jò dé orí ẹni tó ń kírun.

Mo ti fi owó tèmi lé akápò lọ́wọ́ kí n tó bọ́ síwájú yín. N kò ní sọ iye rẹ̀. Ẹ ó kà á lára pátákó.