Ọ̀nà Tí Kò Mọ Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ: Ọ̀rọ̀ lórí Eré Ìje Ọkọ̀ inú Tẹlifíṣọ̀n

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba fún àwọn ará Ẹ́sítéètì Jákàńdè, Ìsọlọ̀)



Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò ti máa bi ara wọn léèrè pé kí ló kan olùkọ́ yunifásítì nínú ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń fi àtàǹpàkò wa ọkọ̀ tí kò mu epo. Ṣùgbọ́n ilé ni à ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilé tí a sì wà yìí, tí orúkọ Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, Baba Kékeré, kò ní kúrò lára rẹ̀ láéláé, nítorí òun ni ó kọ́ irú rẹ̀ káàkiri Èkó nígbà tí ó ń ṣe gómìnà láàrin 1979 sí 1983, kí mẹ̀kúnnù lè rí ibi forí pamọ́ sí, ilé tí ọmọ pọ̀ sí ju pápá ìṣeré lọ ni. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀rọ PlayStation 2, tí Sony kọ́kọ́ gbé jáde ní 2000, dé ọ̀dọ̀ wa ní tòkunbọ̀, tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù gémù tò ó sídìí tẹlifíṣọ̀n, tí wọ́n sì ń gbowó àkókò lọ́wọ́ ọmọ, pápá mìíràn ni ó là fún wọn.

Bọ́ọ̀lù ni ọ̀pọ̀ ń gbá níbẹ̀. Àwọn tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù, eré ìje ni wọ́n ń sá, èyí tí òkìkí rẹ̀ sì kàn jù ni Need for Speed, tí ó ti wà láti 1994, ṣùgbọ́n tí ẹ̀dà Underground ti 2003 àti Most Wanted ti 2005, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn EA Black Box ní Vancouver ní Kánádà, sọ ọ́ di ohun tí ọmọ ń tìtorí rẹ̀ gbàgbé oúnjẹ. Nínú Most Wanted, a óò kọ́kọ́ gbé BMW M3 GTR lé ọmọ lọ́wọ́, fàdákà lára, búlúù lọ́ṣọ̀ọ́, abú-ramúramù-bí-kìnnìún, arí-títì-gbooro-má-dúró. Kò ní pẹ́ tí Razor, ọ̀dàlẹ̀ ènìyàn, yóò fi ẹ̀tàn gbà á mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó tó sì rí i gbà padà, àfi kí ó borí awakọ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bí ẹ bá bi mí pé kí ni adùn rẹ̀, màá ní ọ̀nà ni. Ọmọ tí ó ti mọ bí ọkọ̀ ṣe ń dúró gbagidi láti Òkè-Àfá dé Òṣòdì, tí ó ti sùn, tí ó ti jí, nínú dánfó kan náà, ni ó ń bá ara rẹ̀ lójú títì tó mọ́ lóló, tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń tàn sí, tí kò sí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, tí ó lè já kọ́nà kí ìdí ọkọ̀ máa fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó forí sọ ògiri, kí ó sì tún máa bá tirẹ̀ lọ. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni gbogbo eré ìje rí: Gran Turismo, tí ó jáde ní Japan ní 1997, sùúrù ni ó ń béèrè, ẹni tí kò bá tẹ bíréèkì kí ó tó dé kọ́nà yóò bára rẹ̀ nínú koríko. Ti Need for Speed yàtọ̀. Àlejò tó di páàdì mú lónìí, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa gbádùn rẹ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe mótò gidi pàápàá kì í sábà fẹ́ kí a fi ọkọ̀ wọn hàn ní rírún wómúwómú, ìdí sì nìyí tí Burnout 3 ti 2004, tí fífọ́ ọkọ̀ jẹ́ olórí adùn rẹ̀, fi ń lo àwọn ọkọ̀ tí kò sí ní títì kankan láyé. Ṣùgbọ́n èmi tí mo rántí pé Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí a dá sílẹ̀ ní 1988, kò lè ṣe kí n má sọ fún ẹ̀yin ọmọ pé Ògún lákáayé, tó nirin, tó lọ̀nà, kì í fojú fo ẹni tó forí sọ ògiri ní títì gidi.

Àléébù Need for Speed wà nídìí adùn rẹ̀ gan-an. Kọ̀ǹpútà tí ń wa ọkọ̀ àwọn alátakò kì í jẹ́ kí wọ́n sá ìwọ̀n eré tí ẹ́ńjìnnì wọn lè sá. Ojú rẹ̀ ń bẹ lára ọmọ tó di páàdì mú, bí ọmọ náà bá ti jìnnà síwájú, a bu agbára kún tàwọn tó wà lẹ́yìn, bí ó bá sì rẹ̀yìn, a bù kù nínú tàwọn tó ṣáájú, àfi bí ẹni pé okùn rọ́bà ni a fi so gbogbo wọn pọ̀. Kí eré má baà tú ṣáájú òpin ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, ó sì ṣe ọmọ tí kò tíì mọ ọkọ̀ wà lóore. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ti mọ̀ ọ́n: ó yípo lẹ́ẹ̀mejì láìkan nǹkan kan, ó ṣọ́ nitro rẹ̀, tí ń ta ọkọ̀ síwájú, lò, ó ti náwó sórí ẹ́ńjìnnì, ní kọ́nà ìkẹyìn, ó fẹ̀gbẹ́ kan takisí, ẹni tí ó ti fi sẹ́yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá fìrì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ń gégi nígbó, àgbà ni ó mọ ibi tí yóò wó sí. Nínú eré yìí, ọmọ ń gégi, kọ̀ǹpútà ti yan ibi tí yóò wó sí. Èmi kò rí ohun tó lè mú akẹ́kọ̀ọ́ bínú tó kí a máa fún òpè àti ọ̀jáfáfá ní ààyè kan náà.

Ìṣòro iná ọba ń bẹ níbẹ̀ pẹ̀lú. Inú mẹ́mórì káàdì pẹlẹbẹ kan ni PlayStation 2 ń fi ohun tí ọmọ bá ṣe pamọ́ sí. Ẹni tó ti borí awakọ̀ mẹ́jọ, tí kò tíì fi í pamọ́ tí NEPA fi múná lọ, yóò ti pàdánù rẹ̀ kí oníṣọ́ọ̀bù tó fa jẹnẹrétọ̀. Bí iná kò bá tilẹ̀ lọ, ọmọ mìíràn lè fi eré tirẹ̀ bo ti ẹni náà mọ́lẹ̀ lórí káàdì àjọlò. Àwọn tó ṣe eré náà gbà pé ẹnì kan ni yóò ni ẹ̀rọ kan, nínú yàrá tirẹ̀. Wọn kò ro ti ṣọ́ọ̀bù tí ogún ọmọ ń pín.

Ní ti ọlọ́pàá tó ń lé ni kiri nínú Most Wanted, n kò ní sọ púpọ̀. Níbẹ̀, ẹni tó wà nínú ọkọ̀ olówó iyebíye ni ó ń sá; ní Òṣòdì-Ìsọlọ̀, tí ìjọba Èkó fòfin de ọ̀kadà láti oṣù kẹsàn-án 2022, ọlọ́kadà tí ń wá owó oúnjẹ òòjọ́ ni ó ń sá.

Ibi tí eré náà ti wù mí jù ni ìgbà tí a bá pín ojú tẹlifíṣọ̀n sí méjì, tí ọmọ méjì jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí ọ̀kan ń fi ẹnu dẹ́rù ba èkejì. Nínú irú eré tí ènìyàn fúnra rẹ̀ tò báyìí, ààyè wà láti pa agbára tí kọ̀ǹpútà ń bù kún ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn. Ẹni tó bá ṣáájú, ọwọ́ rẹ̀ ni ó fi ṣáájú, ẹni tó bá sì gbẹ́yìn mọ kọ́nà tí ó ti ṣì í. Ẹ̀yin oníṣọ́ọ̀bù tí ẹ wà níjòókòó, mo bẹ̀ yín, ẹ fi ibi tí a ti ń pa á han àwọn ọmọ, kí ẹ sì jẹ́ kí olúkúlùkù máa mú mẹ́mórì káàdì tirẹ̀ wá láti ilé. Kò tóbi ju ohun tí àpò ṣòkòtò ilé ìwé lè gbà lọ.