Owó Tó Dé Ìwé, Owó Tó Dé Ìbà

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba lórí ètò ìṣúná ìjọba àti àwọn ìlú ìhà àríwá Ọ̀ṣun

 

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ bí owó ìjọba ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Ìkìrun, Ìbà, Inísà, Òkukù àti àwọn abúlé tó yí wọn ká títí dé ààlà Kwara. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìjọba kì í kọ owó sílẹ̀ fún wa. Èrò tèmi yàtọ̀. Ọdọọdún ni wọ́n ń kọ ọ́. Ohun tó ń ṣe wá ni pé owó ìkọ́lé ni ìjọba ń wá, kì í fi bẹ́ẹ̀ wá owó ìtọ́jú; àwa ará ìlú náà, bí wọ́n bá ti gé ríbọ́nù, a ti lọ sílé wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn díẹ̀. Ní 1907 ni ojú irin láti Èkó dé Òṣogbo. Láti ibẹ̀ ló gba Ìkìrun àti Òkukù kọjá sí Ọ̀fà àti Ìlọrin. Àwọn òyìnbó tó tẹ́ ẹ kò bi ará Òkukù léèrè ohun tó ń fẹ́. Ẹrù òkè Ọya ló wà lọ́kàn wọn. Síbẹ̀ ọjà wa jẹ nínú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, torí pé ẹni tó ń ro koríko ẹ̀bá irin ń gba owó oṣù, ẹni tó ń di bóòtì ń gbà, ẹni tó ń pààrọ̀ igi abẹ́ irin náà ń gbà. Irin tí wọ́n tẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣiṣẹ́ fún ìran mẹ́ta torí àwọn tí wọ́n ń sanwó fún lójoojúmọ́.

Ẹ wo ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn náà. Ní 1953, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bu owó àkànṣe ṣílè mẹ́wàá lé asanwó-orí kọ̀ọ̀kan, fún ètò ẹ̀kọ́ àti ìlera. Inú bí àwọn èèyàn. Nígbà tí ìbò ìjọba àpapọ̀ dé ní 1954, ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ti Awólọ́wọ̀ fìdí rẹmi ní agbègbè tirẹ̀. Ìjọba kò tìtorí ìyẹn pa ètò náà tì. Ní oṣù kìn-ín-ní 1955, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́, iye ọmọ tó wà nílé ìwé sì fò láti 456,600 sí 811,432 láàárín ọdún kan. Ẹni tó yọ ṣílè mẹ́wàá nínú owó kòkó rẹ̀ mọ ohun tó ń retí, ó sì mọ ẹni tí yóò bi léèrè. Lónìí, Àbújá ni èyí tó pọ̀ jù nínú owó tí ìpínlẹ̀ àti káńsù wa ń ná ti ń wá lóṣooṣù. Kò sẹ́ni tí ó mọ̀ ọ́n lára pé owó kúrò lápò òun, ìdí nìyẹn tí kì í fi í dun ẹnikẹ́ni tó bá ṣòfò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń pín in? Nínú gbogbo ₦100 tó bá wọ àpò àjùmọ̀ni fún pínpín, ìjọba àpapọ̀ ń mú ₦52.68, àwọn ìpínlẹ̀ ₦26.72, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ₦20.60. Bí wọ́n bá fẹ́ pín in láàárín àwọn ìpínlẹ̀ àti láàárín àwọn káńsù, iye èèyàn wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Ìkànìyàn 2006, tó fún Odò-Ọ̀tìn, ìjọba ìbílẹ̀ Inísà àti Òkukù, ní èèyàn 134,110, tó sì fún Ìfẹ́lódùn, ìjọba ìbílẹ̀ Ìkìrun àti Ìbà, ní 96,748, ni wọ́n ṣì ń lò. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí ìkànìyàn yẹn wáyé ti ń dìbò báyìí.

Òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ní kí owó káńsù gba inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní. Àpò yẹn ni ọ̀pọ̀ owó ń wọ̀ tí kì í jáde. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó máa lọ tààrà sọ́wọ́ àwọn káńsù tí ará ìlú dìbò yàn. A yọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ìjà lórí ẹni tó ni àga alága káńsù ní Ọ̀ṣun di ẹjọ́, owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa sì há sí Àbújá. Tìkẹ́ẹ̀tì ọjà, títì abúlé, ilẹ̀ gbígbá àti ilé ìwòsàn alábọ́dé wà lára iṣẹ́ tí òfin gbé lé káńsù lọ́wọ́. Bí àwọn àgbà òṣèlú bá ń jà, aboyún tó wà ní abúlé lẹ́yìn Ìbà ló ń san owó ìjà.

Ẹ wo iye owó tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ ń kọ. Ètò ìṣúná Ọ̀ṣun fún 2022 tó nǹkan bíi bílíọ̀nù ₦129.7. Ti 2024 jẹ́ bílíọ̀nù ₦273.9. Èyí tí Gómìnà Adémọ́lá Adélékè gbé lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fún 2025 jẹ́ bílíọ̀nù ₦390. Ó ti di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún mẹ́ta. Kí ẹ má rò pé a ti lówó ní ìlọ́po mẹ́ta o. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní oṣù karùn-ún 2023, tí náírà sì já wálẹ̀, owó tí Àbújá ń pín wú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni owó sìmẹ́ńtì, ọ̀dà títì àti dísù wú.

Nínú owó wọ̀nyí, kí ló dé ọ̀dọ̀ wa? Mo fẹ́ mú mẹ́ta.

Èkíní ni ọ̀nà tó ti Òṣogbo gba Ìkìrun lọ sí Ìlá-Odò àti ààlà Kwara. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Ìjọba Ọ̀gbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di ọ̀nà oníbejì, iṣẹ́ náà kò sì tíì parí nígbà tí ó kúrò lórí oyè ní oṣù kọkànlá 2018. Gómìnà mìíràn jẹ, òmíràn tún jẹ. Ìpínlẹ̀ ń ná owó sórí ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ń wo ẹni tí yóò parí rẹ̀, ẹni tó ń kó iṣu láti Òkukù lọ sí Òṣogbo ń ra táyà.

Èkejì ni omi. Dáàmù kan wà ní Èkó-Èǹdé tó sé odò Ọ̀tìn, torí kí àwọn ìlú agbègbè yìí lè rí omi ẹ̀rọ mu ni wọ́n ṣe ṣe é. Dáàmù nílò iná láti fa omi, ó nílò kẹ́míkà láti fọ omi, ó nílò ẹni tí yóò máa di páìpù tó bẹ́. Ohun tí à ń lò lójoojúmọ́ ni gbogbo ìwọ̀nyí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí gómìnà lè wá ṣí. Nígbà tí ìjọba Adélékè dé, ó ṣètò kànga ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wọ́ọ̀dù 332 tó wà ní Ọ̀ṣun. Mi ò bẹnu àtẹ́ lu kànga. Ẹni òùngbẹ ń gbẹ kì í dúró de páìpù. Àmọ́ kànga tí pọ́ǹpù rẹ̀ bá jó, ta ló ni owó àtúnṣe rẹ̀? Ìlà wo ló wà nínú ìwé ìṣúná? Odò Ọ̀tìn tí Inísà àti Òkukù ń bọ lọ́dọọdún ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé wa, a ń ra omi inú ọ̀rá.

Ẹ̀kẹta ni ìlera. Ìjọba Gómìnà Oyètọ́lá, tó ṣáájú Adélékè, náà lo nọ́ńbà kan náà, ilé ìwòsàn alábọ́dé kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nínú 332, láti tún un ṣe. Ọgbọ́n òṣèlú ni pípín nǹkan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan: kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n gbàgbé òun. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́ọ̀dù tó wà láàárín Òṣogbo, tí dókítà ń gbé níbẹ̀, àti wọ́ọ̀dù tí nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ń gun ọ̀kadà lọ, dọ́gba lójú ìwé. Ògiri tí wọ́n kùn kò gbẹ̀bí fún ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì, oògùn àti iná alẹ́ ló ń gbẹ̀bí, owó oṣù àti owó ìnáwó ojoojúmọ́ ló sì ń san wọ́n.

Ẹnìkan lè bi mí pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, kí ni mẹ̀kúnnù lè ṣe sí i?" Ẹ jẹ́ kí n dáhùn pẹ̀lú ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ùgáńdà. Láàárín 1991 sí 1995, àwọn olùwádìí tọ ipasẹ̀ owó tí ìjọba ibẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, mẹ́tàlá péré ló ń dé ilé ìwé. Ìjọba wá ń tẹ iye owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé ìwé. Nígbà tó fi máa di 2001, ó ti lé ní ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri kọ́ ló dá ṣe é, ọ̀gá ilé ìwé àti òbí tó kà á tí wọ́n sì béèrè ló ṣe é.

Àwa náà ní ohun tí a lè kà. Àwọn ìpínlẹ̀ ń gbé ètò ìṣúná wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì ń gbé ìjábọ̀ ìnáwó oṣù mẹ́ta-mẹ́ta síbẹ̀ pẹ̀lú. Nínú ìjábọ̀ yẹn, ẹ fi iye tí wọ́n fọwọ́ sí sílẹ̀, kí ẹ lọ wo iye tí wọ́n ná. Bí ẹ bá rí iṣẹ́ tí wọ́n kọ "jákèjádò ìpínlẹ̀" sí níwájú, ẹ bi wọ́n ní ìlú wo. Òfin ẹ̀tọ́ sí ìròyìn ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ méje láti dá yín lóhùn. Ní oṣù kẹrin 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti káńsù pẹ̀lú.

Nítorí náà, àbá mi kò ju mẹ́ta lọ. Kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kọ̀ọ̀kan yan èèyàn mẹ́ta tí yóò máa ka ìjábọ̀ yìí, kí obìnrin wà nínú wọn, kí wọ́n sì máa fi Yorùbá ròyìn rẹ̀ ní ìpàdé ìlú. Kí àwọn ìlú mẹ́rin yìí jọ máa lọ sí ìpàdé tí ìjọba ń pè kí ó tó kọ ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, torí ìlú tó bá dá lọ ni wọ́n ń fi kànga kan tù nínú. Kí a má sì gba iṣẹ́ tuntun kankan lọ́wọ́ aṣòfin tàbí gómìnà láìjẹ́ pé wọ́n fi ìlà owó ìtọ́jú rẹ̀ hàn wá nínú ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ìwòsàn kejì fún wa, kí a sọ pé kí wọ́n kọ́kọ́ gba nọ́ọ̀sì sí ti àkọ́kọ́.