Owó Èbúté àti Ìtò Ọkọ̀: Kí Ni Ó Kan Àgbẹ̀?

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ Ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní ìpàdé wọn ní Ṣáṣá)

 

Mo mọ̀ pé bí ẹ ti gbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òkun ni mo fẹ́ sọ, àwọn mìíràn nínú yín yóò ti máa wí nínú ara wọn pé, "Kí ni ó pa Ṣáṣá pọ̀ mọ́ òkun?" Ìbéèrè náà tọ́. Ṣùgbọ́n kòkó tí ẹ sá gbẹ, èkùrọ́ tí àwọn ìyá wa pa, kájú tí àwọn ọ̀dọ́ ṣà jọ, èyí tí ó bá ń lọ sí òkè òkun nínú wọn kò lè ṣàìgba ẹnu ibodè kan kọjá. Ibodè náà ni èbúté Èkó. Owó tí wọ́n bá gbà níbẹ̀, àti ọjọ́ tí wọ́n bá fi dá ẹrù dúró níbẹ̀, orí irè oko yín ni wọn yóò kà á sí. Ẹni tí ó ra kòkó ní òkè òkun kò ní fi kún owó tirẹ̀ nítorí pé ọ̀nà Àpápá dí. Ẹni tí ó wá rà á lọ́wọ́ yín lábúlé náà kò ní gbé àdánù náà sórí ara rẹ̀. Yóò yọ ọ́ kúrò nínú iye tí ó fẹ́ san fún yín ni.

Láyé Bọ́ọ̀dù tí ń ta irè oko, èyí tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1954, Bọ́ọ̀dù ni ó ń dá iye owó, àgbẹ̀ a sì mọ ohun tí yóò gbà kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Láti 1986 tí ìjọba ti pa irú àwọn Bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ rẹ́, ọwọ́ ẹni tí ń rà ni iye owó wà. Nítorí náà, ohun gbogbo tí ó bá ṣẹlẹ̀ ní èbúté kì í pẹ́ kí ó tó dé abà.

Ibodè kì í ṣe ohun àjèjì sí ìran wa. Kí òyìnbó tó dé, oníbodè wà lẹ́nu odi ìlú, òun ni ó sì ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tí ń gbé ẹrù kọjá. Kò sí ẹni tí ó pe èyí ní olè, nítorí pé ìlú ni ó tún ọ̀nà ṣe, ìlú ni ó sì ń ṣọ́ ọ. Ohun méjì ni oníṣòwò ń béèrè lọ́wọ́ oníbodè: kí iye owó jẹ́ èyí tí ó ti mọ̀ láti ilé, kí ó sì mọ ìgbà tí yóò kàn án láti wọlé. Ohun méjì yìí náà ni ó kù tí à ń béèrè títí di òní olónìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí orílẹ̀-èdè wa nígbà tí a kò fi ọgbọ́n yìí ṣe é. Àwọn tí ó ti dàgbà nínú yín kò ní gbàgbé ọdún 1975. Owó epo rọ̀bì ti gòkè, ìjọba ológun Ọ̀gágun Yakubu Gowon sì fẹ́ kọ́ ilé, pàápàá jù lọ bárékè fún àwọn ọmọ ogun. Wọ́n ra símẹ́ńtì. Ìwé àdéhùn 109 ni wọ́n fọwọ́ sí pẹ̀lú àwọn olùtà 68, àpapọ̀ ohun tí wọ́n rà sì lé ní mílíọ̀nù 16 tọ́ọ̀nù. Nígbà náà, bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù símẹ́ńtì péré ni èbúté Èkó lè já sílẹ̀ láàárín ọdún kan. Ẹ fi ìka yín ṣírò rẹ̀. Ẹrù ọdún 16 ni wọ́n pè pé kí ó dé láàárín àkókò kúkúrú.

Àwọn ọkọ̀ sì dé. Wọ́n lé ní 400 tí wọ́n dúró sójú omi, tí wọ́n ń wo Èkó lókèèrè. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni ó kó símẹ́ńtì. Nínú ìwé àdéhùn ni a ti kọ ọ́ pé bí ọkọ̀ bá dúró kọjá ọjọ́ tí a dá fún un, ẹni tí ó ra ọjà ni yóò san owó ìdádúró. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ni owó yìí lójoojúmọ́ lórí ọkọ̀ kan ṣoṣo. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa, ẹ̀yin ará mi. Àwa tí a ni ibodè, tí ó yẹ kí àlejò máa san owó fún, àwa ni a wá ń san owó fún àlejò kí ó lè máa jókòó sí ẹnu ọ̀nà wa. Ọkọ̀ tí ó kó ọjà mìíràn wá sì há sáàárín wọn.

Ní oṣù Keje ọdún náà ni ìjọba Gowon ṣubú, tí Ọ̀gágun Murtala Muhammed sì gba ipò. Ní oṣù Kejìlá 1975, ìjọba tuntun náà ṣe òfin kan, Òfin Ológun Kẹrin-dín-láàádọ́ta kọ́, ogójì ni nọ́ńbà rẹ̀: Òfin 40 ti 1975. Ó wí pé ọkọ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ èbúté Nàìjíríà bí kò bá ti gba àṣẹ ní oṣù méjì ṣáájú, àti pé ẹni tí ó bá wọ̀ láìgba àṣẹ ti di arúfin. Òfin náà dára nínú ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé lẹ́yìn tí àlejò ti kún àgbàlá. Àwọn olùtà símẹ́ńtì gbé wa lọ sí ilé-ẹjọ́. Ní London ní 1977, Ilé-Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dájọ́ pé Báǹkì Àgbà Nàìjíríà kò lè fi orúkọ ìjọba bojú kí ó má baà jẹ́jọ́ lórí gbèsè òwò. Ní New York ní 1981, irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ tún wáyé. Ẹni tí ó jìn sí kòtò ni ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Àwa gan-an ni a jìn sí kòtò yìí, ó sì yẹ kí àwa náà kọ́gbọ́n.

Ẹ wá wo bí àwọn ìlú kéékèèké mìíràn ti ń ṣe tiwọn. Ní òkè òkun, àwọn ọkọ̀ afẹ́ ńláńlá wà tí wọ́n ń gbé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri láti máa wo ìlú. Bí mẹ́rin tàbí márùn-ún irú wọn bá dé ìlú kékeré kan lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó onílé. Juneau, ní ìpínlẹ̀ Alaska ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ìlú tí àwọn ènìyàn rẹ̀ lé díẹ̀ ní 30,000. Ní 1999, àwọn ará ìlú náà dìbò pé kí èrò ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan máa san dọ́là márùn-ún. Àwọn ọlọ́kọ̀ pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní 2018, adájọ́ wí pé ìlú lè gba owó náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó bá ṣe ọkọ̀ náà ní àǹfààní ni kí wọ́n máa fi ṣe. Láti 2024, ìlú náà àti àwọn ọlọ́kọ̀ fi àdéhùn sí i pé ọkọ̀ ńlá kò ní ju márùn-ún lọ lójúmọ́.

Ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine, ìlú tí kò ju bí 5,000 ènìyàn lọ, wọ́n dìbò ní 2022 pé èrò ọkọ̀ afẹ́ tí yóò máa sọ̀kalẹ̀ sí ìlú lójúmọ́ kò gbọdọ̀ ju 1,000 lọ. Àwọn oníṣòwò kan níbẹ̀ bínú, wọ́n gba ilé-ẹjọ́ lọ, nítorí pé ọ̀dọ̀ èrò náà ni oúnjẹ wọn ti ń wá. Ní erékùṣù Santorini ní Gíríìsì, láti oṣù Keje 2025, owó Yúróòpù 20 ni èrò kọ̀ọ̀kan ń san ní àkókò tí ọjà bá kún.

N kò sọ èyí kí ẹ lè rò pé àwọn ará ibẹ̀ gbọ́n jù wá lọ. Àwọn náà ń jà láàárín ara wọn lórí rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni pé ìlú kékeré jókòó, ó ka ààyè tí ó ní, ó dá iye owó, ó sì kéde rẹ̀ kí ọkọ̀ tó kúrò ní ilé. Bí awuyewuye bá dé, wọ́n ń jà á ní gbangba, lójú ìwé òfin.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí Àpápá. Kí 2021 tó dé, tìrélà a tò sórí afárá àti ọ̀nà fún ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọ̀sẹ̀, kí ó tó wọ èbúté. Ẹ̀yin tí ẹ ń kó tòmátì àti ata wá sí ọjà Ṣáṣá mọ ohun tí dídúró lójú oòrùn ń ṣe fún ọjà. Kòkó kì í rà bíi tòmátì, ṣùgbọ́n òjò lè rin ín, èbu a sì mú un, owó ọkọ̀ sì ń lé sí i. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kejì 2021, àjọ tí ń ṣàkóso èbúté, NPA, bẹ̀rẹ̀ ìlànà kan tí wọ́n fún ní orúkọ Yorùbá: Ètò. Onítìrélà yóò gba àyè sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ, yóò san owó, yóò dúró ní gáréèjì tí a yàn, wọn yóò sì pè é nígbà tí ó bá kàn án.

Orúkọ náà dára, èrò náà sì dára. Ìlà tìrélà dín kù nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, àwọn onímọ́tò kò yé ráhùn pé àwọn kan ṣì ń gba owó lójú ọ̀nà tí wọn kì í já ìwé fún. Ní 2025 ẹ̀wẹ̀, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i kí NPA fi ìdá 15 nínú 100 kún owó èbúté, èyí tí ó ti wà lójú kan láti 1993. A kò lòdì sí i pé kí èbúté gba owó. Èbúté tí kò lówó kò lè gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, kò sì lè tún ọ̀nà ṣe. Owó tí kò ní ìwé ni à ń bá jà, nítorí pé kò sí ẹni tí ó lè ṣírò rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò dáhùn fún un.

Wàyí o, ibodè ti súnmọ́ wa ju ti àtijọ́ lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí ojú irin tuntun láti Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Mọ́níyà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé yìí, ni ó parí sí, orúkọ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n sì fi sọ ibùdókọ̀ náà. Ẹ̀ka ojú irin náà kan wọ inú èbúté Àpápá. Bí a bá dákẹ́, ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Àpápá lè wá bá wa ní Mọ́níyà. Bí a bá sì sọ̀rọ̀, Mọ́níyà lè di ẹnu ọ̀nà fún irè oko wa.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni kí a pinnu lónìí. Èkíní, kí a béèrè pé kí wọ́n kọ iye owó ẹrù àti bí a ti í gba àyè sára ògiri ibùdókọ̀ Mọ́níyà, ní èdè Yorùbá, kí ẹni tí ó bá mọ̀wé kà lè kà á fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Èkejì, kí ọmọ Ẹgbẹ́ kankan má ṣe san owó tí kò bá gba ìwé. Bí wọ́n bá fi ipá gbà á, kí ó kọ ọjọ́, ibi àti iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ó mú un wá sí ìpàdé. Ẹ̀kẹta, kí a padà sí ọgbọ́n àwọn bàbá wa. Ní 1937 ni wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó Gbẹ́dun, ní ìgbèríko Ìbàdàn, sílẹ̀ lábẹ́ òfin, kí wọ́n lè máa ta ọjà wọn pọ̀. Àpò kòkó méjì kò lè gba àyè nínú ọkọ̀ ojú irin, bẹ́ẹ̀ ni olówó rẹ̀ kò lè bá ọ̀gá ibùdókọ̀ jiyàn. Ṣùgbọ́n bí abúlé mẹ́wàá bá kó tiwọn pọ̀, wọn yóò kún àpótí ńlá tí wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ wọn yóò sì ní ìwọ̀n.

Ní 1975, àwọn tí ń ṣe ìjọba kò ka ààyè tí wọ́n ní kí wọ́n tó pe àlejò. Ẹ má jẹ́ kí a ṣe bẹ́ẹ̀ ní Akínyẹlé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n.