Tẹlifíṣọ̀n Tòkunbọ̀, Cadmium àti Iná Inú Hóró Kíún

Ìyá Bọ̀dé bèèrè lánàá pé tẹlifíṣọ̀n tòkunbọ̀ tí wọ́n kọ quantum dot sí lára, ṣé kò ní májèlé nínú? Ohun tí mò ń kà níbí ní UNIBEN, ní Ugbowo, nìyẹn gan-an, torí náà ẹ jẹ́ kí n dá a lóhùn.

Quantum dot, hóró kíún ni. Ẹ gé mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nanomita. Bíi 2 sí 6 irú ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Cadmium selenide kan náà, èyí tó kéré á tan búlúù, èyí tó tóbi á tan pupa. Iṣẹ́ yìí ni Bawendi, Brus àti Ekimov fi gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2023.

Cadmium yẹn ni wàhálà. Tó bá wọ ara, kíndìnrín ló ń sá sí, ó sì lè lò ju ọdún 10 lọ níbẹ̀. Ní Toyama ní Japan, odò Jinzu gbé e láti ibi ìwakùsà wọ oko ìrẹsì. Eegun àwọn èèyàn ń kán, igbe ìrora wọn ni wọ́n fi sọ àìsàn náà lórúkọ: itai-itai.

Tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣiṣẹ́ kò ní ṣe yín ní nǹkan o, ìyá wa. Àkìtàn ni mò ń bẹ̀rù, níbi tí wọ́n ti ń dáná sun wáyà láti yọ bàbà. Àwọn kan tó jáde ní bíi 2013 ní cadmium. Samsung ti yọ ọ́ kúrò láti 2015, indium phosphide ni wọ́n ń lò. Ìyẹn náà kì í ṣe omi mímu ṣá, IARC kà á mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ.

Zinc sulphide tí a fi manganese díẹ̀ sí ni èmi fẹ́ràn jù. Tí iná ultraviolet bá kàn án, zinc sulphide á gba agbára náà, á gbé e fún manganese, manganese á wá tàn bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Hóró náà ì báà tóbi, ì báà kéré, àwọ̀ yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí. Manganese kọ̀ọ̀kan tún ní electron 5 tí kò ní ẹnìkejì, ìyẹn ló sọ ọ́ di òòfà kékeré. Ẹ gbé òòfà ńlá sún mọ́ ọn, á dáhùn. Ẹ gbé e kúrò, á gbàgbé. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníwàádìí fi ń wò ó bóyá hóró kan ṣoṣo lè máa tàn, kó tún hàn nínú ẹ̀rọ MRI. Àmọ́ bí iyọ̀ ọbẹ̀ ni: tí manganese bá pọ̀ jù, wọ́n á máa pa agbára òòfà ara wọn, iná náà á sì kú.

Bátìrì tí wọ́n kọ Ni-Cd sí lára ńkọ́? Cadmium tiwọn ju ti tẹlifíṣọ̀n lọ fíìfíì. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan jù ú síná.