Táyà Tẹ́ẹ́rẹ́ Ló Mọ Ọ̀nà Oko

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sùn mọ́jú nínú Hilux lọ́nà oko ní Oǹdó, kòkó wà lẹ́yìn, òjò ń rọ̀. Táyà tó fẹ̀ ló fà á. Orí ẹrẹ̀ ló kàn ń yọ̀ sí. Bí ilẹ̀ líle bá wà lábẹ́ ẹrẹ̀, táyà tẹ́ẹ́rẹ́ á gé e wọlé, á tẹ ilẹ̀. (Ti iyanrìn yàtọ̀ o, èyí tó fẹ̀ ló dáa níbẹ̀.)

205R16C la wá rà: ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 205, ríìmù 16, C sì ni ti ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn DOT, pàápàá tó bá jẹ́ tòkunbọ̀: 2319 ni ọ̀sẹ̀ 23, ọdún 2019. Tí fọganáísà bá dè é tán, ẹ yí sítíárìn dópin lápá méjèèjì, ẹ wò ó bóyá ó ń ha nǹkan. Tẹ́ ẹ bá ti rin nǹkan bíi kìlómítà 80, ẹ tún nọ́ọ̀tì dè kó le.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń bínú nítorí kòkó yẹn.