Ṣé Ojúlówó Ni Sípánà Inú Búùtù Yẹn?

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, olùgbọ́ wa kan fi ohùn ránṣẹ́ láti Ìfọ́n. Ó ní ọkọ̀ Ìjàpá, ìyẹn Volkswagen Beetle, ti bàbá àgbà òun ṣì wà lẹ́yìnkùlé, àpò irinṣẹ́ rẹ̀ sì wà nínú búùtù: jáàkì kan, sípánà mẹ́ta, pílọ́yà kan. Ẹni tó ń ra irin kóńdẹ́ẹ̀mù ti ní kí wọ́n kó o wá sórí ìwọ̀n. Ẹlòmíì lórí WhatsApp ní òun máa san owó gidi tó bá jẹ́ ojúlówó. Ó wá bi mí pé, "Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?"

Ìbéèrè ńlá nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá tà á ní kílò, ó lọ nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá sì pe pánda ní ojúlówó, orúkọ yín ló máa bàjẹ́.

Ẹ lè ní, ta ló ń wá sípánà àtijọ́? Ferdinand Porsche ló ṣe àgbékalẹ̀ Ìjàpá. Nígbà tí ọkọ̀ eré Porsche 356 jáde ní 1948, ọ̀pọ̀ nǹkan ara Ìjàpá ni wọ́n fi kọ́ ọ. Lónìí, àwọn tó ń ra irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lókè òkun kì í wo ẹ́ńjìnnì nìkan, wọ́n máa ń wo àpò irinṣẹ́ rẹ̀ náà. Ṣé ẹ rí i, irinṣẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ sọnù. Aládùúgbò yá sípánà, kò dá a padà. Mekáníìkì mú jáàkì, ó di tiẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí àpò rẹ̀ ṣì pé, ẹnì kan tọ́jú rẹ̀ ni. Ibi tí owó bá sì wà, ayédèrú kì í jìnnà síbẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ lónìí ni pé orúkọ ara irin nìkan kò sọ ọ́ di ojúlówó. Ohun mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ bára mu: ẹni tó ṣe é, ìgbà tó ṣe é, àti ọkọ̀ tó ṣe é fún.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó ṣe é. Ẹ máa rí Hazet lára sípánà Jámánì. Hermann Zerver ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ìlú Remscheid ní 1868. Lẹ́tà H àti Z orúkọ rẹ̀, bí àwọn ará Jámánì ṣe ń pè é, ló di Hazet. Bilstein, tí àwọn mekáníìkì wa mọ̀ sí ṣọ́ọ̀kì ọkọ̀, ṣe jáàkì fún Ìjàpá, ó ṣe fún Porsche náà. Tẹ́nì kan bá wá ní, "Bilstein ni, ti Porsche ni," ẹ ní kó dúró ná. Apá jáàkì Ìjàpá máa ń wọ ihò onígun mẹ́rin kan lábẹ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ẹ gbé e débẹ̀. Tí kò bá wọ̀ ọ́, kì í ṣe ti ọkọ̀ yẹn.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ìgbà tó ṣe é. Láti 1949 sí 1990, Jámánì pín sí méjì. Irin tí wọ́n kọ "West Germany" sí lára, àárín ìgbà yẹn ló ti wá. Ẹ tún wo nọ́ńbà DIN lára sípánà: DIN 895 ṣáájú, DIN 3110 ló rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ rọra o, torí Ìjàpá tiwa ní ìtàn tirẹ̀. Ní 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ pọ̀ l'Ékòó. Ní Jámánì, wọ́n dáwọ́ Ìjàpá dúró ní Wolfsburg ní 1974, ní Emden ní 1978, nígbà tí Mẹ́síkò ń ṣe é lọ títí di 2003. Torí náà, ohun tó wà nínú ìwé Jámánì lè má bá ọkọ̀ tí wọ́n tò l'Ékòó mu. Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ìwé Jámánì dá ọkọ̀ Èkó lẹ́jọ́. Ìwé kékeré tó bá ọkọ̀ wá ni kẹ́ ẹ wá.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ọkọ̀ tó ṣe é fún. Jaguar E-Type ti 1961, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, máa ń ní òòlù olórí bàbà nínú àpò rẹ̀. Nọ́ọ̀tì ńlá kan ṣoṣo ló di táyà rẹ̀ mú, òòlù ni wọ́n fi ń gbá a. Bàbà rọ̀ ju irin lọ, kò ní dá nọ́ọ̀tì lọ́gbẹ́. Kí ni Ìjàpá fẹ́ fi ìyẹn ṣe? Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ̀n: mìlímítà ni ti Jámánì. Sípánà tí wọ́n kọ 1/2 sí, ẹnì kan ló jù ú síbẹ̀.

Àpótí Hazet roboto tó ń jókòó sínú táyà àfirọ́pò ńkọ́? Ojúlówó ni, ti ìgbà náà sì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ló ń rà á lọ́tọ̀. Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà.

Báwo lẹ ṣe máa kà á? Ẹ má fi fáìlì ha á, ẹ má kùn ún lọ́dà. Kẹrosíìnì díẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ ti tó. Ẹ fi ẹfun pa ojú lẹ́tà. Ìlú Olúfọ́n lẹ wà, ẹfun ò lè wọ́n yín. Ẹ pa fíláàṣì fóònù, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́. Tí ìpẹtà gbogbo ara irin bá ti gbó, tí inú lẹ́tà nìkan wá ń dán, tí etí rẹ̀ mú, àfẹ́lù ìsinsìnyí ni.

Torí náà, ará Ìfọ́n, má tíì kó o lọ sórí ìwọ̀n. Ká àga ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè, nọ́ńbà ṣáísì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kọ ọ́ sílẹ̀. Ya irin kọ̀ọ̀kan tojú tẹ̀yìn, pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó o bá fẹ́ tà á, kọ ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí bá ọkọ̀ mu, èyí jẹ́ ti ìgbà náà, èyí mekáníìkì ló fi í síbẹ̀. Oníbàárà tó mọ ohun tó ń rà máa fọkàn tán ẹ ju ẹni tó kọ "original" sí gbogbo ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin tó kù, ẹ lọ ṣí búùtù àwọn bàbá yín wò. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà o.